Ó Ń Sin Kòkòrò

Bàbá Wolé-Wolé kò ní ohun púpọ̀ tó lè fi yangàn láyé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ní, kò fi ṣeré rárá. Ìdí iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ti lo gbogbo ọjọ́ agbára rẹ̀. Á wọ ilé onílé, á ṣí ìkòkò omi wò, á yọjú sí ṣáláńgá, á jágbe mọ́ ẹni tí kò bo oúnjẹ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè nígbà náà, ilé tí kò fojú kan ìgbálẹ̀ láti oṣù tó kọjá á fojú kàn án lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn kan ló sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà: "Kòkòrò tí ẹ kò bá sin ni yóò sin yín." Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rù á sì bà wọ́n díẹ̀. Bó ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni ìyà tó wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń ṣèpàdé lóṣooṣù, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju kí wọ́n máa fi ọmọ díje lọ. Ọmọ Alága wọn jẹ́ dókítà eyín. Ti akápò ń kọ́ afárá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Bàbá Wolé-Wolé bí, ìyá ọmọ náà ti kú, ọmọ sì kàwé títí ojú bàbá fi pọ́n, láìsí ẹni tó lè fi ẹnu kan sọ ohun tó ń kọ́. Nípàdé, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ, ńṣe ni bàbá máa ń wá ohun tó bọ́ sábẹ́ àga. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọmọ tẹ̀ ẹ́ láago pé, "Bàbá, mo ti ríṣẹ́ o! Mo ń sin kòkòrò nílé iṣẹ́ irin."

Mo bẹ̀ yín, kí lẹ fẹ́ kí bàbá gbọ́? Ẹnu tó ti ń pariwo ìsìnkú kòkòrò láti ìgbà èwe, ṣé etí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tún gbọ́ ohun mìíràn ni? Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà." Ọmọ rò pé bàbá ti wá fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì. Bàbá rò pé ọmọ ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ òun. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn yọ̀ lórí fóònù láti ìgbà náà, tí inú kálukú ń dùn sí ohun tí ẹnì kejì kò sọ.

Nígbà tí ìpàdé tún pé, bàbá kò bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti wá nǹkan lábẹ́ àga. Ó dìde dúró, ó wú ikọ́. "Ọmọ mi ń sin kòkòrò."

"Níbo?" Alága ló béèrè.

"Nílé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ irin."

"Ó tó mélòó?"

"Wọn ò lóǹkà."

Alága, tí ọmọ tirẹ̀ ń yọ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga. Ẹ ò rí i pé ayọ̀ ọjọ́ yẹn pọ̀ jù. Àpọ̀jù rẹ̀ ló sì di wàhálà, torí ẹgbẹ́ pinnu pé àwọn á lọ fojú ara àwọn rí ọmọ tó gbé iṣẹ́ àwọn ga yìí, àwọn á sì fún un ní àwo ìyìn. Bàbá sọ fún ọmọ pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ sọ fún akọ̀wé ilé iṣẹ́ pé àwọn wolé-wolé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá òun, ń bọ̀ wá kí òun. Akọ̀wé sọ fún ọ̀gá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, "ọ̀rẹ́" jábọ́ lọ́nà, "fẹ̀yìn tì" náà jábọ́, ó wá ku "wolé-wolé ń bọ̀" nìkan tó dé etí ọ̀gá.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àbẹ̀wò ni Bàbá Wolé-Wolé ti dé, torí bàbá ọmọ kì í bá àlejò wọlé. Kó tó béèrè ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti sáré jáde, ọkùnrin sísanra kan tí òógùn bo imú rẹ̀, ó gbé fìlà irin rẹ̀ há abíyá.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣíwájú àwọn wolé-wolé wá?"

"Èmi ni," ni bàbá wí. Irọ́ wo ló pa níbẹ̀?

"Ẹ dákun sà, kí lẹ fẹ́ ká ṣe kí àwọn tó kù tó dé? A ò fẹ́ ẹjọ́ o."

Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti pe Bàbá Wolé-Wolé ní sà pẹ̀lú òógùn ní imú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ń tẹ̀ nà ṣánṣán. Ó fi ìka kan fa ojú fèrèsé, ó wo ìka náà, ó mi orí. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Oògùn apakòkòrò ńkọ́?"

"Ó wà ní sítọ́ọ̀, sà. Ó pọ̀ dáadáa. A máa fi fọ gbogbo ilẹ̀."

"Ẹni tó bá ń da oògùn sílẹ̀ nìkan, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ibi tí omi ti ń wá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Ibi tí omi ti ń wá. Ó ti yé mi, sà. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti parí."

Ìgbà náà lọmọ dé nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ nínú eruku irin, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà ló ń kí i: "Ìyá Kòkòrò, ṣé bàbá yín nìyí? Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Ó yẹ kí bàbá ti fura níbẹ̀. Ta ló ń pe ẹni tó ń gbẹ́ sàréè ní ìyá òkú? Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í fura.

Ẹ̀yìn ìléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni yàrá iṣẹ́ ọmọ náà wà. Ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ sí ni tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ẹ̀rọ sì ṣì wà lára ògiri. Páìpù kan tó tóbi tó itan gba ara ògiri wọlé láti ìdí ìléru, ó sì wọ inú táǹkì irin gíga kan tí wọ́n fi gíláàsì sí lójú kan. Lẹ́yìn gíláàsì náà, omi kan tí kò mọ́, tó pọ́n bí ewé gbígbẹ, ń hó kutukutu, ìfófòó sì bo orí rẹ̀. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń kán omi mímọ́ gaara tó, tó, tó sínú ìgò kan nísàlẹ̀. Kẹ́tùrù wà lórí tábìlì, sálúbàtà ọmọ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá wo ilẹ̀, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí kòtò. "Ibo lẹ wá ń sin wọ́n sí?" ló béèrè, ṣùgbọ́n ariwo ìléru gbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà mì.

"Inú táǹkì yìí náà ni mo ti ń sìn wọ́n, Bàbá."

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ "sin kòkòrò" ló tún wí ni, kì bá tí sí wàhálà, torí tí a bá wí i báyẹn, ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ àti ẹni tó ń bọ́ ẹran á jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n "sìn wọ́n" ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà téèyàn gbé ẹrù kalẹ̀.

"O ń ṣe kí ni?"

"Mo ń sìn wọ́n. Mo ń bọ́ wọn, mò ń tọ́jú wọn."

"Bí ẹní sin adìẹ?"

"Bí ẹní sin adìẹ gan-an. Àfi pé èéfín ni tiwọn ń jẹ."

Bàbá wá àga, kò rí, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Ọmọ rò pé ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́, ó fa àga tirẹ̀ fún un, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, torí ó ti ń dúró de ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ á wá jókòó síbẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú ìléru yìí, májèlé ni. Tí ẹ̀yin tàbí èmi bá fà á símú, ó parí. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n kàn máa ń dáná sun ún lókè. Àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí, oúnjẹ gidi nìyẹn lójú wọn. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á wá tọ ọtí."

"Wọ́n á ṣe kí ni?"

"Wọ́n á tọ ọtí, Bàbá. Òun ló ń kán sínú ìgò yẹn. Ó ń jó bí epo bẹntiróòlù, ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n lè fi ṣe ike, wọ́n lè fi ṣe ọ̀dà. Òun náà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí wọ́n tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́."

"Oògùn apakòkòrò?"

"Òun ni."

"Kòkòrò ló ń ṣe oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò?"

"Àwọn ò mọ̀, Bàbá. Iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń ṣe." Ó gbé ọwọ́ lé ara táǹkì bí ẹni tó ń wò bóyá iwájú ọmọ gbóná. "Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀ lópin oṣù. Tí wọ́n bá bá wọn láàyè, tí ọtí ń kán, wọ́n á kọ́ táǹkì tó ga ju ilé lọ fún mi. Tí wọ́n bá bá wọn ní òkú, wọ́n á kó àwọn ẹ̀rọ tó bàjẹ́ padà síbí, èmi náà á sì bá ẹ̀rọ lọ. Ẹ bá mi gbàdúrà fún wọn, Bàbá."

Ẹnu Bàbá Wolé-Wolé ti mọ́ ọn lára, ó ní, "Àmín." Ó wí i tán kó tó rántí àwọn tó ń ṣàmín fún.

Nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lálẹ́ ọjọ́ náà nílé ọmọ, Alága pè é lórí fóònù. "A ti gba àwo ìyìn náà o. Wo ohun tá a ní kí wọ́n kọ sí i: Fún ọmọ wa tó ń sin kòkòrò. Ṣé ó dáa?" Bàbá yí ọ̀rọ̀ náà wò lókè, ó yí i wò nísàlẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ni kí wọ́n gbà kà á, kí ọmọ gbà á lọ́nà tirẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò, kí kálukú máa lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà ti pè wọ́n ní "wọn." Ó ní, "Ó dáa gan-an, Alága."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọ̀gá lẹ́nu géètì yọ sí i lọ́kàn. Ibi tí omi ti ń wá. Ṣé omi ilé iṣẹ́ ń dé inú táǹkì ọmọ òun? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ọmọ ló sì jókòó sí iwájú rẹ̀ yìí, tó ń bó ẹyin. Ṣùgbọ́n tó bá béèrè, ọmọ á ní kí ló dé. Tó bá sọ ohun tó dé, á sọ ẹni tí ọ̀gá pè é. Láti ibẹ̀, á sọ ìdí tí àwọn àgbà ọkùnrin fi ń gbé àwo bọ̀ láti ìlú mìíràn, òun tí kò sì ní wá nǹkan lábẹ́ àga mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ilẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fọ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe nìyẹn, ó sì jẹ ẹyin rẹ̀ tán.

Láàárọ̀, òórùn oògùn apakòkòrò ló pàdé wọn ní géètì. Òórùn ìgbà ọ̀dọ́ Bàbá Wolé-Wolé ni, imú rẹ̀ sì kọ́kọ́ yọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó já. Ọmọ dúró gbọnrangandan. "Kí ló ń rùn yìí?" Kò dúró gba èsì, ó ti sáré.

Nígbà tí bàbá fi máa bá a, ó ti dúró níwájú gíláàsì. Omi ṣì ń hó, ṣùgbọ́n ìfófòó ti wálẹ̀, àwọ̀ omi ti dà bí eérú. Aago ara páìpù ń sọ pé èéfín tó ń wọlé náà ló ń jáde, kò sẹ́ni tó bu èyíkéyìí jẹ níbẹ̀. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kò kán mọ́. Ọmọ gbọ́ òórùn ẹnu páìpù tó ń gbé omi ilé iṣẹ́ wọ inú táǹkì náà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ káàárọ̀, sà. A ti ṣe é o. Láti inú táǹkì omi òkè la ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe pàṣẹ."

Ọmọ gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. "Bí ta ṣe pàṣẹ?"

Bàbá la ẹnu, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti dé. Alága ló ṣíwájú, ó di àwo mọ́ àyà, akápò ń tẹ̀ lé e, àwọn tó kù sì ń fi aṣọ ìnujú nu ojú torí ooru ìléru. Gbogbo wọn fa òórùn náà símú lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wọn sì tàn.

"Háà!" ni Alága wí. "Èyí gan-an ni iṣẹ́. Ọmọ wa, a kí ọ o. Ṣé inú ibí yìí ni àwọn kòkòrò náà wà?"

Ọmọ dìde, ó nu ojú. "Inú rẹ̀ ni wọ́n wà, sà. Wọ́n ti kú."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà. Ẹyọ kan ò ṣẹ́kù."

Àtẹ́wọ́ náà wá di ńlá, akápò sì súfèé. Ọ̀gá náà ń pàtẹ́wọ́, torí ó rò pé ẹjọ́ ti tán. Alága gbé àwo sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ọmọ ń wo àwọn àgbà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ẹni tí orí rẹ̀ pé láàárín wọn, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ láìpariwo, bó ṣe ṣàn lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Kò sí ohun tí Bàbá Wolé-Wolé ní láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ. Ohun tó ti ń fi yangàn látọjọ́ yìí ti wá di òótọ́ pọ́ńbélé, ohùn tó fi ń wí i kò sì ní láti yí padà. Kòkòrò ti kú, wọn ò lóǹkà, ọmọ rẹ̀ ló máa palẹ̀ òkú mọ́. Ohun tó ti ń fẹ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí, kò sì ṣeé fojú wò.

"Ẹ dáwọ́ dúró," ló wí.

Ọwọ́ rọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi kì í sin wọ́n. Ó ń sìn wọ́n. Bí ẹní sin adìẹ. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Àná ni mo tó mọ̀, mo sì dákẹ́ nítorí àwo ọwọ́ Alága yìí. Ẹnu mi ló ní kí wọ́n da oògùn sómi." Ó ṣí fìlà. "Èmi ni mo sin wọ́n."

Alága wo àwo, ó wo táǹkì, ó wo ọmọ tó ń sunkún. Ọmọlúàbí ni Alága, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí kòkòrò kú mọ́ lọ́wọ́, ìyẹn ló fi mú èyí tó súnmọ́ ọn. "Ẹ kú ìrọ́jú o, ọmọ wa. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Àwọn tó kù ní, "Àmín."

Ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ náà pẹ́ jù lọ kó tó yé. Nígbà tó yé e, ó wá rántí ẹni tó fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n kó oògùn jáde ní sítọ́ọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìyá Kòkòrò, ṣé kò sí irúgbìn wọn níbì kankan? A ò ní láti da àwọn tó ni ilé iṣẹ́ láàmú sí i, àbí?"

Ó wà. Ìgò kékeré kan wà nínú fíríìjì. Bóyá wọ́n á bí sí i tó kí oṣù tó parí, bóyá wọn ò ní í bí tó, ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, wọ́n ní láti da òkú nù, kí wọ́n fọ táǹkì àti gbogbo páìpù títí òórùn oògùn kò fi ní sí mọ́. Àwọn wolé-wolé wo ara wọn. Alága gbé àwo sórí tábìlì, ó bọ́ kóòtù, ó ká apá aṣọ sókè. Wọ́n mọ nǹkan fọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn nìyẹn tí wọ́n fọ nǹkan kí kòkòrò lè rí ibi gbé, wọ́n sì ń pariwo mọ́ ara wọn lórí igun tí kò mọ́ tó.

Ọmọ kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, ó ṣí fíríìjì. Bàbá rìn sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ láti bá a di ìgò náà mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ọmọ wí. "Ẹ lọ fọwọ́ ná. Ẹ ó kó ìdọ̀tí ràn wọ́n."

Bàbá Wolé-Wolé lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó padà wá, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú ọmọ rẹ̀. Ọmọ yẹ̀ wọ́n wò lóde, ó yí wọn padà, ó tẹjú mọ́ abẹ́ èékánná.

"Ẹ tún un fọ̀."

Ó padà lọ tún un fọ̀.